Àgbò Tí Hándíkáàpù 9 Jẹ Mí

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tá a jọ ń gbá gọ́ọ̀fù. Ẹnìkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ béèrè pé hándíkáàpù mélòó (nọ́ńbà tó ń sọ bí èèyàn ṣe mọ gọ́ọ̀fù gbá tó; bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó) ló yẹ kí òun máa lé lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú tèmi rí, torí ojú mi rí nǹkan.

Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni mò ń ṣe, Ẹ̀pẹ́ níbí ni mò ń gbé. Láti ìgbà tí gbogbo èèyàn ti ń ra ilẹ̀ lójú ọ̀nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́, àwọn oníbàárà ò jẹ́ kí n sinmi, ọ̀kan nínú wọn ló sì mú mi dé pápá Lakowe ní Sátidé kan. Ọmọ ọdún 46 ni mí nígbà náà, mi ò fọwọ́ kan igi gọ́ọ̀fù rí. Ó na igi kan sí mi. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí mo gbá fò lọ bí àṣá, ó lọ balẹ̀ sáàárín koríko tó tẹ́jú. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá gbé bàtà mi kí n máa lọ sílé lọ́jọ́ yẹn, torí bọ́ọ̀lù kan yẹn ló tàn mí jẹ.

Mo ní èmi tí mò ń fojú lásán wo ilẹ̀ tí mo sì máa mọ̀ pé mítà 150 ni, tí mo mọ ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ kí n tó gbé ẹ̀rọ jáde, kí ló tún kù? Nígbà tó di ọjọ́ Iléyá, níwájú ẹbí, mo lanu fún àbúrò ìyàwó mi tó ti ń gbá a tipẹ́: "Kí Iléyá ọdún tó ń bọ̀ tó dé, hándíkáàpù mi á ti di 9." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé ká fi àgbò kan sí i? Mo ní ká fi sí i. (Ẹ̀yin àfáà, ẹ má bínú.)

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, èènì ni hándíkáàpù. Tẹ́ ẹ bá ra ẹja lọ́jà Olúwo, ẹlẹ́ja á fi díẹ̀ lé e. Gọ́ọ̀fù náà ń ṣe èènì fún òpè kí òun àti ọ̀ta lè jọ ta ayò kan náà. Ká ní páà pápá kan (iye ìgbá tó yẹ kí ọ̀ta fi gbá gbogbo ihò rẹ̀ tán) jẹ́ 72, mo gbá a ní 100, èènì mi sì jẹ́ 28, 72 ni wọ́n máa kà fún mi. Láti ọdún 2020 tí wọ́n ti so ìṣirò gbogbo ayé pọ̀ di ọ̀kan, 54 ni èènì tó ga jù lọ, àtọkùnrin àtobìnrin. Ìyẹn jẹ́ 3 lórí ihò kọ̀ọ̀kan nínú ihò 18. Èmi ń tijú èènì. Ẹni tówó ò sí lápò rẹ̀ tó ń sọ fún ẹlẹ́ja pé kó mú èènì rẹ̀ kúrò, èmi gan-an nìyẹn.

Kí wọ́n tó fún èèyàn ní nọ́ńbà, ihò 54 ló gbọ́dọ̀ gbá kó sì kọ sílẹ̀, bíi pápá oníhò 18 lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí ò tíì ní hándíkáàpù, wọn kì í kọ ju páà àti 5 lé e fún un lórí ihò kan. Ihò tí páà rẹ̀ jẹ́ 4, bó o gbá 15, 9 ni wọ́n máa kọ. Òfin yẹn bò mí láṣìírí. Bọ́ọ̀lù mẹ́rin ni mo sọ sómi lórí ihò kan ṣoṣo lọ́jọ́ kejì. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí o, ẹja là ń bá nínú omi níbí, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, omi náà yóò ti máa rò pé oúnjẹ ni mò ń gbé wá. Pẹ̀lú gbogbo àánú tí òfin ṣe fún mi, 131, 127 àti 129 ni káàdì mi, ìyẹn ìwé tá a ń kọ iye ìgbá sí, gbé jáde. Wọ́n mú èyí tó dára jù, wọ́n wo bí pápá ṣe le tó, wọ́n tún yọ 2. Ó já sí 47.7.

47.7! Àgbò ń ké létí mi.

Ni mo bá sá lọ ra igi tuntun, èyí tí wọ́n ń pè ní dírẹ́bà, tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà (kì í ṣe ti dáńfó o). Mo ń wo fídíò lóru. Mo ń fi gbogbo agbára gbá a débi tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, tí ìyàwó mi ń fi òróró pa á fún mi, tó sì ń bi mí pé ta ló rán mi níṣẹ́. Oṣù méjì kọjá, 46 ló dà.

Ibi tí mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ rèé, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan. Nígbà tí nọ́ńbà ò sọ̀ kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ fà á. Bọ́ọ̀lù wọgbó, ọmọdékùnrin tó ń bá mi gbé àpò igi (kádì là ń pè wọ́n) á fẹsẹ̀ tì í jáde, èmi á wojú ọ̀run. Bọ́ọ̀lù ku gígùn apá kan kó wọ ihò, màá ní "èyí ti wọlé" màá ṣà á. Ọjọ́ tí mo bá gbá 125, káàdì yẹn á sùn sápò ṣòkòtò. Kó tó di oṣù keje, 31 ló wà lórúkọ mi. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò ìyàwó mi.

Ìdíje kan wá wáyé. Níbẹ̀, ẹlòmíì ló ń kọ káàdì rẹ, kò sẹ́ni tó ń fẹsẹ̀ ti bọ́ọ̀lù. Mo gbá 124. Ẹ yọ 31 kúrò, 93. Èmi ni mo gbẹ́yìn, bàbá arúgbó kan tó ń tiro sì fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣíwájú mi. Ẹni tó kọ káàdì mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn wo 31 yẹn, ó wo mí, ó fà á lé mi lọ́wọ́. Ká ní ó bú mi, ìbá sàn.

Kádì tó bá mi gbé àpò lọ́jọ́ náà kì í ṣe ọmọdé. Bàbá ni, ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yẹn. Bá a ṣe ń jáde, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Bọ́ọ̀lù mélòó lẹ gbé wá láàárọ̀?" Mo ní 14. Ó ní, "Mélòó lẹ ń gbé lọ?" Mẹ́ta. Ó ní, "Ẹ gbàgbé 9 yẹn ná. Ẹ jẹ́ ká máa gbé bọ́ọ̀lù lọ sílé."

Àfojúsùn àkọ́kọ́ nìyẹn: kí bọ́ọ̀lù tó sọnù má ju mẹ́rin lọ. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, àmọ́ bọ́ọ̀lù kan tó bá wọmi, ìyà rẹ̀ wà lórí káàdì. Mo gbé dírẹ́bà sílẹ̀, mo ń fi igi kékeré gbá a lọ sójú ibi tó gbòòrò. Àfojúsùn kejì, kí n máa gbá ihò kọ̀ọ̀kan ní páà àti 2. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: 108 ni. Bàbá tún sọ èyí tí mi ò tíì rò rí, pé nínú páà 72, méjì méjì ni wọ́n fi sílẹ̀ fún títi bọ́ọ̀lù sínú ihò lórí gíríìnì (koríko kúkúrú tó yí ihò ká), ìyẹn 36, ìdajì gééré. Mo ka tèmi lọ́jọ́ kejì: 49. Oṣù kan gbáko, mi ò ṣe nǹkan míì ju títì lọ. Ó di 38. Ìgbá 11 lọ láìjẹ́ pé ẹ̀yìn dùn mí.

Mo kó gbogbo káàdì mi sílẹ̀, dáadáa àti burúkú. Nọ́ńbà náà gòkè padà, ó dé 43. Ó dùn mí bí ọgbẹ́. Kí ó tó di Iléyá, 33.4 ni, mo sì gbà pé tèmi ni. Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé nígbà tí káàdì bá pé 20, mẹ́jọ tó dára jù nínú wọn ni wọ́n ń fi ṣe ìpíndọ́gba. Ọjọ́ tó dára ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, kì í ṣe gbogbo ọjọ́. Kì í ṣe dandan kí n gbá nọ́ńbà yẹn ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé pápá.

Mo ra àgbò. Àbúrò ìyàwó mi mú un wá sílé mi pa, pé ká jọ jẹ ẹ́. Mo ń lé 30 báyìí. Mi ò dá ọjọ́ sí i.

*

Ìyá Ibejì, Ìkòròdú: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu àgbò. Mo rẹ́rìn-ín títí àwọn ọmọ fi jí.

Ìkẹjà lèmi ti ń gbá tèmi. Tí mi ò bá ti kúrò nílé kí àkùkọ tó kọ, Mile 12 á gbà mí lálejò dọ̀sán. Nítorí náà, ihò 9 ni mò ń gbá, mo sì ń padà sídìí ìbejì. Àwọn kan ò mọ̀ pé ihò 9 náà ń wọ ìṣirò. Ó ń wọ̀ ọ́ o, ẹ máa kọ ọ́.

Ọkùnrin kan sọ fún mi níṣàájú pé obìnrin tí hándíkáàpù rẹ̀ bá ju 36 lọ, kó lọ máa gbá lúdò. Mo bẹ̀rẹ̀ ní 52, mo wà ní 41 báyìí, mo sì ti fi èènì mi na ọkùnrin yẹn lẹ́ẹ̀kan. Ó ní mi ò jẹ́ ká mọ̀ pé mo gbọ́n.

Ọ̀kan ni mi ò gbà pẹ̀lú yín. Èmi ń dá ọjọ́ sí i. Tí mi ò bá dá ọjọ́, iṣẹ́ ilé á gbé gọ́ọ̀fù mì. Àmọ́ kékeré ni mò ń dá: 3 láàárín oṣù mẹ́rin. Tí ìbejì bá ṣàìsàn, màá sún ọjọ́ síwájú, mi ò ní sún nọ́ńbà.

*

Bàbá Àgbà, Àgbádárìgì: Awọnlẹ̀, o ṣeun. Ọdún 63 lèmi. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mò ń rí àyè lọ, ọ̀nà wa yìí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń gbá ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kò gbọdọ̀ lé ohun tí ẹni tó ń gbá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ń lé. Tèmi ni pé kí 29 mi má gòkè.

Mo gbẹ́ ihò sábẹ́ igi àgbọn nínú àgbàlá, mo ri agolo wàrà mọ́lẹ̀ síbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, èmi àti ọmọ-ọmọ mi á máa ti bọ́ọ̀lù. Ihò tòótọ́ fẹ̀ tó mìlímítà 108, agolo mi kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ọjọ́ tí mo bá dé pápá, ihò wọn á dà bí ẹnu kànga lójú mi.

*

Awọnlẹ̀, Ẹ̀pẹ́: Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ìyá Ibejì, mo gbọ́. Mo ti wọn agolo tó wà nílé wa: mìlímítà 73. Ìyàwó mi ní kí n kọ́kọ́ jẹ́ kí wàrà inú rẹ̀ tán.