Ìbéèrè láti Ìkòròdú: mo jókòó jẹ́ẹ́ kí ọkàn mi lè balẹ̀, ìrònú tún pọ̀ sí i

Àǹtí Sábó:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Àrùn rọpárọsẹ̀ dá Màmá dùbúlẹ̀, èmi ni mò ń tọ́jú wọn, owó sì ti ń tán lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n gbìyànjú ohun tí wọ́n ń pè ní mindfulness: kí n jókòó jẹ́ẹ́, kí n dijú, kí n máa kíyè sí èémí mi. Bí mo bá ti jókòó báyìí, ṣe ni ìrònú ń rọ́ wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àyà mi á sì máa já. Kí ló ń fà á? Ṣé bí mo ṣe ń ṣe é ni kò dáa ni, àbí kì í ṣe fún irú wa? Ilé onílé púpọ̀ la wà ní Sábó níbí, jẹnẹrétọ̀ kì í dákẹ́, yàrá kan náà sì lèmi àti Màmá ń sùn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa ni kó jọ̀ọ́ dá mi lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n Ìpakodò:
Ẹ kú ìtọ́jú Màmá o. Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà.

Kò sí ohun tó ṣe yín. Bí ẹni tí wàhálà pọ̀ fún bá ń sáré sókè sódò, iṣẹ́ ló ń bo ìrònú mọ́lẹ̀. Nígbà tó bá jókòó, iṣẹ́ kúrò lórí rẹ̀, ìrònú tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì yọjú. Kì í ṣe ìjókòó ló bí i. Ohun tí kò dáa nínú ìmọ̀ràn tí wọ́n fún yín ni dídijú àti wíwo èémí, torí àwọn méjèèjì yẹn ló le jù fún ẹni tí àyà rẹ̀ ń já. Èémí ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í dọ́gba. Bó bá tẹjú mọ́ ọn, yóò rí i pé kò dọ́gba, ẹ̀rù á sì tún bà á sí i.

Ẹ ṣe é báyìí. Ẹ jókòó sórí àga tó ní ìfẹ̀yìntì, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, láìsí bàtà. Ẹ la ojú, ẹ máa wo ilẹ̀ níwájú yín, kò ju bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí yín lọ. Fún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ni kí ẹ máa kíyè sí. Ṣé símẹ́ǹtì tutù? Ibo ló kan ilẹ̀, ibo ni kò kàn án? Gìgísẹ̀ ńkọ́? Ẹ má tíì dé ìdí èémí rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá mí. Ẹ fi imú fa afẹ́fẹ́ sínú, kí ẹ ka ení títí dé ẹ̀rin. Ẹ súnnu bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, kí ẹ tú u jáde, kí ẹ ka ení títí dé ẹ̀fà. Èyí tó ń jáde ló gbọ́dọ̀ gùn ju èyí tó ń wọlé lọ, torí ìgbà tí a bá ń mí sóde ni iṣan kan tó ti ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ wá sí àyà máa ń mú kí lílù ọkàn rọlẹ̀. Bí kíkà kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan, ìmí kan gba ìṣẹ́jú àáyá 10, ìmí 6 pé ìṣẹ́jú kan, 18 sì pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ má wo aago. Oríkèé ìka ni kí ẹ fi kà á, bí ẹni tó ń ṣe tẹ̀sùbáà láìmú tẹ̀sùbáà dání: ìka mẹ́rin ọwọ́ ọ̀tún, oríkèé mẹ́ta-mẹ́ta, jẹ́ 12, ìka méjì lọ́wọ́ òsì, ó pé 18.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ rèé: àwọn kan á fa afẹ́fẹ́ gan-an, wọ́n á wú àyà bí akùkọ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá mí ju bí ara ṣe nílò lọ, afẹ́fẹ́ kábọ́nì inú ẹ̀jẹ̀ á dín kù ju bó ṣe yẹ lọ, òòyì á máa kọ́ni, ìka ọwọ́ àti ètè á máa ṣe bíi pé wọ́n ń kú. Èèyàn á wá rò pé ikú ló dé. Mímí kékeré tó lọ́ra là ń wá. Ikùn ló yẹ kó gbéra díẹ̀, kì í ṣe èjìká. Bí kíkà dé ẹ̀fà bá ni yín lára, ẹ ka ẹ̀ta wọlé, àrún jáde.

Ìrònú á wá, kò sí bí kò ṣe ní í wá. Bó bá dé, ẹ pè é lórúkọ jẹ́jẹ́ nínú ọkàn yín: "owó oògùn", "ìbẹ̀rù", "ìbínú". Kó má ju ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì lọ, torí gbólóhùn máa ń bí gbólóhùn. Kí ẹ sì padà sí àtẹ́lẹsẹ̀. Bí ọkàn bá lọ nígbà ogún, tẹ́ ẹ sì dá a padà nígbà ogún, iṣẹ́ yẹn lẹ ṣe nígbà ogún. Àwọn tó ń sọ fáyé pé kí wọ́n mú ọkàn ṣófo ló ba nǹkan yìí jẹ́. Orí tó wà láàyè kì í ṣófo.

Ìgbà mẹ́ta lójúmọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta. Ó sàn ju ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Alhaja Òwúùrù:
Ẹ má bínú o. Ṣé kì í ṣe ẹ̀sìn àwọn ará Éṣíà lẹ ń fọgbọ́n kó wọlé yìí? Ìrun wà, àdúrà wà.

Olùkọ́ Ìjẹ̀dẹ́:
Alhaja, ìbéèrè yín tọ́. Gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú ẹ̀sìn Búdà, kò ṣeé sẹ́. Àmọ́ èyí tí àwọn ọsibítù ń lò lónìí, Jon Kabat-Zinn ló gbé e kalẹ̀ ní 1979 ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, fún àwọn tí ìrora ara wọn ti pẹ́ tí kò sì gbóògùn. Ó yọ ìsìn kúrò níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 8 ni, ìpàdé kan lọ́sẹ̀ tó ń gba nǹkan bíi wákàtí méjì àbọ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ àṣetiléwá. Lẹ́yìn náà ni Zindel Segal, Mark Williams àti John Teasdale tún un ṣe fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó máa ń lọ tó tún ń padà wá. Ẹ kíyè sí i pé kó má bàa padà wá ni wọ́n ṣe ṣe é. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti gbé ṣánlẹ̀ pátápátá, ìtọ́jú dókítà ló kọ́kọ́ nílò.

Nínú àdúrà, à ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, à ń tọrọ. Níbí, a kò tọrọ nǹkan kan, a kàn ń kíyè sí ohun tó wà níwájú wa ni. Ẹni tó bá wù lè ṣe é lẹ́yìn tó bá ti sálámà, kó tó dìde lórí ẹní ìrun. Ohun tí mo lè kìlọ̀ fún àwọn Kìrìsítẹ́nì bíi tèmi ni pé kí wọ́n má sọ ọ́ di àdúrà ogun. Igbe àti ìpàtẹ́wọ́ ní àyè tiwọn, ṣùgbọ́n wọn kì í mú kí ọkàn lù jẹ́jẹ́.

Àǹtí Sábó, ní ti ariwo, ẹ má dúró de ìdákẹ́jẹ́. A ò ní i ní Ìkòròdú. Ariwo náà ni kí ẹ fi dípò èémí. Ẹ wá èyí tó jìnnà jù, bóyá kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ tó ń pe Mile 12, lẹ́yìn náà èyí tó wà láàárín, lẹ́yìn náà èyí tó sún mọ́ yín jù. Ẹ gbọ́ bí ohùn náà ṣe rí: ṣé ó nípọn, ṣé ó tínrín, ṣé ó ń lọ sókè sódò? Ẹ má béèrè ta ló tàn án. Ohun tó ń dààmú wa nínú ariwo, ìjà tí à ń bá a jà nínú ọkàn wa ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àmọ́ o, bí èéfín jẹnẹrétọ̀ bá ń wọ yàrá, ẹ má fara dà á rárá. Ẹ gbé Màmá kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n pa á. Èéfín yẹn ń pààyàn lójú oorun.

Àǹtí Sábó:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ibo ni kí n ti rí ìṣẹ́jú mẹ́ta báyìí? Wákàtí méjì-méjì ni wọ́n ní kí n máa yí Màmá padà. Bí mo bá sì jí ní aago méjì òru, oorun tán nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì:
Ẹ kú iṣẹ́, ọmọ mi. Yíyí Màmá padà gan-an ni kí ẹ fi ṣe é.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ dúró, kí ẹsẹ̀ yà díẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ lé etí bẹ́ẹ̀dì. Ìmí mẹ́ta, ẹ̀rin wọlé, ẹ̀fà jáde. Ìdajì ìṣẹ́jú péré ni. Ẹ wá sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún Màmá, bí wọn ò tiẹ̀ lè dáhùn. Orúnkún ni kí ẹ tẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn. Ọwọ́ kan sí èjìká wọn, ọwọ́ kan sí ìbàdí, ẹ yí wọn wá sọ́dọ̀ ara yín. Ẹ má fa ọwọ́ tó rọ, torí èjìká ẹ̀gbẹ́ tó rọ náà máa ń tètè yẹ̀. Pílò kan sẹ́yìn, ọ̀kan sáàárín orúnkún.

Ní gbogbo àkókò yẹn, kí ọkàn yín wà níbi tí ọwọ́ yín wà: bí ara wọn ṣe gbóná sí, bí wọ́n ṣe wúwo sí, bí aṣọ ṣe rí. Ẹ wo gìgísẹ̀, egungun ìbàdí àti òkè ìdí. Ìwé á sọ pé ibi tí egbò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ máa ń pọ́n, ṣùgbọ́n lára dúdú bíi tiwa, ó lè kàn dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, kó gbóná, tàbí kó le lọ́wọ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ olówó gbèsè kò ní í rí i.

Ìbínú sí aláìsàn á wá nígbà míì. Kò sọ yín di ọmọ burúkú. Ẹ pè é ní ìbínú, ẹ rí i pé Màmá ò lè já bọ́, kí ẹ jáde fún ìṣẹ́jú méjì kó tó dé ọwọ́.

Ní ti aago méjì òru: ẹ má fọwọ́ kan fóònù, kódà láti wo aago. Bó bá tó bí ogún ìṣẹ́jú tí oorun ò wá, ẹ dìde, ẹ jókòó sórí àga nínú òkùnkùn díẹ̀, ẹ ṣe ti àtẹ́lẹsẹ̀ tí Ẹ̀gbọ́n kọ́ yín, kí ẹ padà nígbà tí ojú bá wúwo. Bí èèyàn bá ń dùbúlẹ̀ ronú lórí bẹ́ẹ̀dì lójoojúmọ́, ara á gbà pé ibi ìrònú ni bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ bá ń jẹ obì tàbí mu kọfí kí ẹ lè dúró ti Màmá, ẹ jẹ́ kó parí ní ọ̀sán. Lẹ́yìn bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì kafíìnì rẹ̀ ṣì wà lára.

Ẹ tún fún ìrònú ní àyè tirẹ̀, kó má bàa gba òru. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ìṣẹ́jú 15, ìwé àti bírò. Ẹ fa ìlà sáàárín ojú ìwé. Ohun tí ẹ lè ṣe sí lápá kan, ohun tí kò sí lọ́wọ́ yín lápá kejì. Lápá àkọ́kọ́, ẹ má kọ "wá owó". Ẹ kọ "pe àbúrò Màmá lọ́la, kó san oògùn ọ̀sẹ̀ yìí". Bí ìrònú bá dé lóru, ẹ sọ fún un pé aago márùn-ún.

Èyí kò rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru o. Bí àyà bá ń dunni tó ń fúnni pinpin, ọsibítù ni, kì í ṣe ìmí. Bó bá sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí oúnjẹ ò wọlé, tí nǹkan kan ò dùn mọ́ yín, ẹ lọ rí dókítà ní Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú. Wọ́n lè kọ ìwé fún yín lọ sí ọsibítù ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá. Bó bá jẹ́ pé ikú lẹ ń rò, ẹ má dá wà, ẹ sọ fún ẹnì kan kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, kó sì tẹ̀ lé yín lọ. Ọ̀pọ̀ tó ń tọ́jú aláìsàn ló ń fi èyí pamọ́.

Ọmọ Ẹ̀búté:
Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹni tí ọkọ̀ ojú omi dà nù lórí ọ̀sà, tí ìran rẹ̀ ṣì ń padà wá bá, ṣé ó lè ṣe é?

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì:
Ó lè ṣe é, àmọ́ kó má fi èémí ṣe é rárá, kó má sì dijú. Ẹni tí omi ti fẹ́ gbé rí, èémí gan-an ló ń rán an létí omi. Ìta ni kó kọjú sí: kó dárúkọ ohun 5 tó ń rí, ohun 4 tó ń fọwọ́ kàn, ìró 3, òórùn 2, adùn 1 lẹ́nu, kó sọ wọ́n jáde kó lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Kó ṣe é nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, kó lè mọ́ ọn lára kí ẹ̀rù tó dé. Bí ìran náà bá le sí i láàárín rẹ̀, kó dúró, kó dìde rìn. Bó bá ti ju oṣù kan lọ tí kò dáwọ́ dúró, kó lọ rí dókítà. Ìtọ́jú tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá kọ́ lórí fóònù.