Ìbéèrè: báwo la ṣe ń dán agboòrùn tẹlisíkóòpù òfúrufú wò?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tó mọṣẹ́ yìí. Ilé-Ifẹ̀ la wà, a fẹ́ dán ike Kapton tí wọ́n fi alumíníọ̀mù bò wò, irú ti agboòrùn tẹlisíkóòpù James Webb. Ìpele 5 ni tiwọn: èyí tó kọjú sóòrùn nípọn ní 0.05 mm, àwọn yòókù 0.025 mm, àwọn méjì tó gbóná jù ni wọ́n tún fi sílíkọ́nì pa lára.

Ike Teflon ara Hubble, tẹlisíkóòpù òfúrufú mìíràn, le, ó sì ya. Wọ́n rí i ní 1997. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìṣẹ́jú 95 ni Hubble fi ń yí ayé po, tó ń wọ òjìji ayé tó sì ń jáde. Gbígbóná-títutù yẹn wà lára ohun tó bà á jẹ́. Webb kì í wọ òjìji. Ṣé ká ṣì fi gbígbóná-títutù kún ìdánwò, àbí ìtànṣán ultraviolet àti proton (èérún kéékèèké tó ń ti ara oòrùn wá) ti tó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní ká kàn mú iná ultraviolet tí a fi ń dán an wò le sí i: bí ike bá gbóná jù, ìbàjẹ́ mìíràn la ó máa wọ̀n.

Èyí tó le jù: bí a bá yọ ike kúrò nínú àpótí ìdánwò tí kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, atẹ́gùn lè dá àwọ̀ rẹ̀ padà díẹ̀ kí a tó wọn bó ṣe ń fa oòrùn mu. Báwo lẹ ṣe ń wọ̀n ọ́n láì ṣí ìlẹ̀kùn àpótí náà?