Kí ni ó ń sọ hóró irúgbá di irú láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta?

Ọmọ Ọ̀yọ́:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Láti kékeré ni mo ti ń jẹ irú, ṣùgbọ́n ọdún yìí ni mo tó jókòó ti àwọn tí ó ń ṣe é. Wọn kò fi ohunkóhun pa mọ́ fún mi: wọ́n jẹ́ kí n pọn omi, kí n fi ẹsẹ̀ tẹ hóró títí tí èèpo fi bọ́, wọ́n sì ń dáhùn bí mo ṣe ń béèrè, inú mi sì dùn dé ibi pé n kò rántí oúnjẹ ọ̀sán. Ohun kan ṣì ń rú mi lójú. Wọ́n se hóró náà fún bí wákàtí 12, wọ́n tún un sè lẹ́yìn tí èèpo kúrò, wọn kò sì fi ìwúkàrà kankan sí i. Síbẹ̀, nígbà tí a ṣí i, ó ti ń fà, òórùn rẹ̀ sì ti gba ilé. Níbo ni ohun tí ó sọ ọ́ di irú gbà wọlé? Kí ni ó sì ya irú wooro sọ́tọ̀ sí irú pẹ̀tẹ̀?

Ìyá Alátà:
Ọmọ mi, ti wooro àti pẹ̀tẹ̀ ni n óò dáhùn. Ìdí rẹ̀ wà nínú sísè ẹlẹ́ẹ̀kejì. Irú wooro kì í pẹ́ lórí iná; ti pẹ̀tẹ̀ ni a máa ń fi káún sí, tí a ó sì sè é títí tí ìka méjì yóò fi tẹ̀ ẹ́ fọ́. Lẹ́yìn náà, a ó sẹ́ omi rẹ̀ dànù, a ó dà á sínú igbá tí a tẹ́ ewé sí, a ó sì fi àpò ìdọ̀họ bò ó kí ó tó tutù. Ẹni tí ó kọ́ mi tẹnu mọ́ èyí gan-an, ṣùgbọ́n kò sọ ìdí rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Oúnjẹ:
Ẹ ṣeun, Mà. Ìdí yẹn ni ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́. Kòkòrò tín-ín-tín tí a ń pè ní Bacillus subtilis ni ọ̀gá nínú àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí nǹkan bá le fún un, a máa ká ara rẹ̀ sínú èèpo líle tí omi híhó kì í tètè ràn, ó sì lè wà lára hóró, lára ewé tàbí lára igbá. Iná ti pa ọ̀pọ̀ àwọn tí ìbá bá a du oúnjẹ, nítorí náà, bí ó bá ti bá ooru pàdé lábẹ́ àpò, yóò jí, yóò sì máa jẹ purotéènì inú hóró. Ibẹ̀ ni òórùn tí ń ta ni nímú ti ń wá. Irú kòkòrò yìí kan náà ni àwọn ará Japan fi ń sọ ẹ̀wà sóyà di natto, èyí tí òun náà ń fà bí irú.

Ará Lọ́ńdọ̀nù:
Àlàyé yìí tú mi sílẹ̀. Ooru ni ó ń fẹ́, kì í ṣe oòrùn Ìbàdàn! N óò gbé tèmi sínú ààrò tí a kò tàn, tí gílóòbù inú rẹ̀ nìkan ń tàn. Ṣé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dára fún un, Mà?

Ìyá Alátà:
Ó dára, bí o bá ti fọ̀ ọ́. Mo ti ka ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yìí sétí àwọn tí a jọ ń ṣe irú. Ẹ̀rín pa wọ́n pé àwọn ní alágbàṣe tí kò gba owó rí.