“Ìmọ̀ ẹranko” kò gba ìgbín

Ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín láti Ògbómọ̀ṣọ́. Àbá tó wà níwájú wa ni pé kí a máa pe sùọ́lọ́jì (zoology), ẹ̀kọ́ nípa gbogbo ẹ̀dá bí ẹran, ẹja, ẹyẹ àti kòkòrò, ní “ìmọ̀ ẹranko”, kí ẹni tó kà á jáde ní yunifásítì sì máa jẹ́ “onímọ̀ ẹranko”. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, ó sì rọrùn láti pè, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn.

Lójú tèmi, “ẹran oko” ni a sún kì di ẹranko, ìyẹn ẹran inú igbó tó yàtọ̀ sí ẹran ilé. Àwọn baba wa kì í kó gbogbo ohun tó ń mí sábẹ́ orúkọ kan: eku ni eku, ẹja ni ẹja, ẹyẹ ni ẹyẹ, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ṣe ń ka ohun ẹbọ nínú ẹsẹ Ifá. Àdán ló kọ̀ tí kò bọ́ sí ibì kankan, tí a fi ní kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ, bẹ́ẹ̀ ó ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú.

Ẹ wo àtọ̀sí ajá. Aràn ló ń fà á, inú ìgbín odò kéékèèké sì ni aràn yìí ti ń dàgbà kó tó jáde sínú omi, kó sì gba awọ ara wọlé sára ọmọ tó lọ lúwẹ̀ẹ́, títí ọmọ náà yóò fi máa tọ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ka sùọ́lọ́jì ló ń lọ ṣa ìgbín náà, tí kò ju èékánná lọ, tí yóò kó wọn sínú ife omi mímọ́ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀, tí yóò sì máa ṣọ́ ọ bóyá ọmọ aràn yóò jáde. Ta ni nínú wa yóò pe ìgbín tàbí aràn ní ẹranko? Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri ńkọ́?

Orúkọ náà tún ń ṣi òbí lọ́nà. Bí ọmọ bá ní ìmọ̀ ẹranko ni òun fẹ́ kà, dókítà ẹran ni ìyá rẹ̀ yóò gbọ́, bẹ́ẹ̀ ọdún 6 ni tìyẹn, ó sì ní ìgbìmọ̀ tí a gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan ẹran. Ọdún 4 ni sùọ́lọ́jì ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní LAUTECH, yunifásítì wa níbí, ẹ̀ka bàọ́lọ́jì ni wọ́n ti ń kọ́ ọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi iṣẹ́ sọ wọ́n lórúkọ. “Onímọ̀ kòkòrò” yóò bá ẹni tó ń gbógun ti ẹ̀fọn tàbí kòkòrò oko mu, “onímọ̀ ẹja” yóò sì bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí adágún mu. Mo dábàá “onímọ̀ àfòmọ́” fún ẹni tó ń wádìí aràn. Àwọn onígírámà, tí wọ́n ń pe ègé tí a so mọ́ ọ̀rọ̀ ní àfòmọ́, yóò ráhùn pé tiwọn ni, ṣùgbọ́n ara àfòmọ́ tó ń hù lórí igi ni àwọn náà ti yá a. Kí a fi “onímọ̀ ẹranko” sílẹ̀ fún ẹni tó ń ṣọ́ ẹfọ̀n àti àgbọ̀nrín ní ọgbà ìjọba àpapọ̀ ti Ọ̀yọ́-Ilé, nítorí níbẹ̀, ẹranko ni ẹranko.

Ní ti orúkọ àpapọ̀ fún sùọ́lọ́jì, “ìmọ̀ ẹ̀dá ajẹun” ni mo mú wá: igi ń fi oòrùn se oúnjẹ ara rẹ̀, àwọn ẹ̀dá tí sùọ́lọ́jì dá lé lórí kò lè ṣe é. Ẹnìkan yóò ní aràn kan wà tí kò lẹ́nu. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí a jẹ ló ń jẹ.