Fóònù tó ṣe update tán tó wá yíwà padà: kí lojú yín rí?

Olùkọ́ kan, Ìbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti pẹ́ tí fóònù Android mi ti ń yọ mí lẹ́nu pé kí n ṣe update, tí mo ń sọ fún un pé ó di ọ̀la. Lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí iná dúró dáadáa, mo ní kó máa ṣe é lọ. Bó ṣe tan padà báyìí, ó ti di fóònù ẹlòmíì mọ́ mi lọ́wọ́. Bátìrì tó ń gbé mi dé alẹ́ tẹ́lẹ̀ kì í dé ìgbà tí a ń jáde níléèwé mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbóná, kódà tí mi ò bá fọwọ́ kàn án. WhatsApp ò dún mọ́, àfi tí mo bá fúnra mi ṣí i ni gbogbo ọ̀rọ̀ á máa ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò ní kí n gbé e wá kóun bá mi fọ́máàtì rẹ̀. Mi ò tíì gbé e fún un. Ẹ̀yin tírú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, kí lẹ ṣe sí i? Ohun tójú yín rí gan-an ni mo fẹ́ gbọ́ o, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì.

Oníṣẹ́ fóònù, Ìkẹjà

Ẹ káàsán, ọ̀gá. Ẹ má gbé e fún un rárá. Ní Computer Village níbí, tí update ńlá bá ti jáde, a máa ń mọ̀, torí ẹjọ́ kan náà ni gbogbo ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù máa ń rò: "Ó ń gbóná, ó ń jẹ bátìrì." Ọ̀pọ̀ wọn ni mo máa ń dá padà sílé láìgba kọ́bọ̀.

Ohun tó ń fà á nìyí. Tí Android bá pààrọ̀, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tún gbogbo áàpù orí fóònù tò kí wọ́n lè bá èyí tuntun ṣiṣẹ́. Abẹ́lẹ̀ ló ti ń ṣe é, nígbà tẹ́ ẹ rò pé ó ń sinmi. Á tún máa yẹ fọ́tò yín wò lọ́kọ̀ọ̀kan. iPhone náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló ń mú un gbóná, ó sì lè gbà á ní ọjọ́ bíi mélòó kan tí ẹrù inú rẹ̀ bá pọ̀. Ẹ fi í sórí iná lóru, ẹ pa á kẹ́ ẹ tún un tàn, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wọ Play Store kẹ́ ẹ ṣe update àwọn áàpù fúnra wọn. Áàpù àtijọ́ lórí Android tuntun, ìjà ni.

Tí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tó ṣì ń gbóná, ó ní ẹni tó ń ṣe é. Ẹ wọ Settings, kẹ́ ẹ wọ Battery, kẹ́ ẹ wo áàpù tó wà lókè pátápátá. Tí kò bá hàn níbẹ̀, ẹ gbé fóònù sí safe mode. Lórí ọ̀pọ̀ Android, ẹ ó tẹ bọ́tìnì tẹ́ ẹ fi ń pa á títí "Power off" á fi jáde lójú rẹ̀, ẹ ó wá tẹ "Power off" yẹn, ẹ ò ní tètè gbọ́wọ́ kúrò. Nínú safe mode, kìkì áàpù tó bá fóònù wá láti ilé iṣẹ́ ló ń ṣiṣẹ́. Tára rẹ̀ bá balẹ̀ níbẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀kan nínú ohun tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín gbé sórí rẹ̀ ni. Àwọn tí mo sábà máa ń bá nídìí ẹ̀ ni àwọn "cleaner" àti "battery saver" yẹn. Ọlọ́dẹ tẹ́ ẹ gbà síṣẹ́ ló ń jalè.

Ẹlòmíì á ní kẹ́ ẹ wọ recovery, ojú ewé àtúnṣe tó ń ṣí kí Android tó tàn, kẹ́ ẹ nu cache partition, àyè tí fóònù ń kó nǹkan ìgbà díẹ̀ sí. Ó máa ń ran fóònù tó bá ní in lọ́wọ́, kì í sì í pa nǹkan yín rẹ́. Àmọ́ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, "Wipe data/factory reset", tó ń pa gbogbo nǹkan inú fóònù rẹ́, wà nítòsí rẹ̀. Ọwọ́ tó bá yẹ̀ níbẹ̀, fọ́tò ìsọmọlórúkọ ti lọ nìyẹn. Láti Android 7 lọ́dún 2016 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn fóònù kan tó ní àyè méjì fún Android, tí èyí tuntun ń wọ ọ̀kan, tí ti àtijọ́ wà nínú èkejì. Ọ̀pọ̀ irú wọn ò ní ohun tẹ́ ẹ fẹ́ nù níbẹ̀ rárá.

Aláṣọ, Òṣogbo

Ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn ni kí n dá sí. Àdìrẹ ni mò ń tà, orí WhatsApp sì ni ìsọ̀ mi wà. Lẹ́yìn update, gbogbo ilẹ̀ dákẹ́. Mo rò pé ọjà ló dá. Àṣé àwọn èèyàn ń béèrè ọjà, wọ́n ń bínú, wọ́n sì ń lọ ra ti ẹlòmíì. Oníbàárà kan láti Èkó ló pè mí pé ṣé mo ti dolówó ni tí mi ò fi dáhùn mọ́.

Ọmọ mi obìnrin ló bá mi yanjú ẹ̀. Ó wọ Settings, ó wọ Apps, ó wọ WhatsApp, ó wá wọ Battery. Ó bá a ní "Optimized", ó sì gbé e sí "Unrestricted". Ó tún wo Notifications bóyá wọ́n ti pa á. Lẹ́yìn náà ló wá rí ògbólógbòó ibẹ̀: áàpù kan tó bá fóònù mi wá láti ilé iṣẹ́, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa pa gbogbo áàpù tó bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, kí bátìrì má bàa tán. Ọmọ yìí ti pa á fún mi lọ́jọ́sí, update tún tan án padà. Ó bá fún WhatsApp láyè "autostart" níbẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ó ń dún. Kí ariwo má tán lọ́jà wa o.

Oníṣẹ́ fóònù, Ìkẹjà

Àmín, màámi. Ọmọ yín mọṣẹ́. Kí n fi kún un: láti Android 13 tó jáde ní 2022, áàpù gbọ́dọ̀ tọrọ àṣẹ kó tó lè fi ìkéde ránṣẹ́. Ẹni tó bá kàn tẹ "Don't allow" láìkà á kí ojú fóònù lè mọ́, òun ló paná áàpù yẹn. Ti Android 11 sì ti wà láti 2020: áàpù tẹ́ ẹ bá pẹ́ tẹ́ ẹ ti lò, fóònù lè gba àṣẹ ọwọ́ ẹ̀ padà fúnra ẹ̀.

Awakọ̀, Èkó

Tèmi ò gbóná, dátà ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Dátà ń bẹ, network dúró gangan, íntánẹ́ẹ̀tì ò wọlé. Mo ti ń múra àtilọ gba síìmù tuntun kí ẹnì kan tó ní kí n wo APN, àdírẹ́sì tí fóònù fi ń gba orí network wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Òfìfo ni mo bá níbẹ̀. Settings, Mobile network, Access Point Names ni ẹ ó tọ̀. Ti MTN: web.gprs.mtnnigeria.net. Ti Airtel: internet.ng.airtel.com. Mo kọ ọ́ sí i, mo tọ́jú rẹ̀, mo pa fóònù, mo tàn án, ó wọlé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi áàpù gbé èrò, ẹ wo Location náà. Update sọ tèmi di "Allow only while using the app". Tí mo bá ti ṣí nǹkan míì, ìpè èrò ò wọlé mọ́.

Ọmọ Agége

Ìdí tí mi ò kì í fi ṣe update nìyí. Fóònù mi ń ṣiṣẹ́, kí ni mo tún ń wá?

Oníṣẹ́ fóònù, Ìkẹjà

Àbúrò, ibi tí olè ń gbà wọlé ni update ń dí. Ìwọ tó ò ń fi fóònù yẹn sanwó, ronú sí i. Tó o bá tiẹ̀ yẹra fún ti Settings, ti Play Store ń kọ́? Ní March 2021, ṣàdédé ni áàpù bẹ̀rẹ̀ sí í kú lórí Android káàkiri ayé, Gmail gan-an ò ṣeé ṣí fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹnikẹ́ni ò ṣe update Android lọ́jọ́ náà. Android System WebView, tí àwọn áàpù yòókù fi ń ṣí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì nínú ara wọn, ló bà jẹ́. A yọ update WebView kúrò, áàpù padà bọ̀ sípò, kí Google tó gbé èyí tí wọ́n ti tún ṣe jáde.

Ará Peckham, London

Màámi wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n pè mí láàárín òru, ẹ̀rù bà mí kí n tó gbé e. "Wọ́n ti jí bọ́tìnì mi lọ!" Bọ́tìnì wo, màámi? "Mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀. Mi ò lè padà sẹ́yìn mọ́. Inú fọ́tò ọmọ ẹ ni mo wà láti àná."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, màámi ò rẹ́rìn-ín. Android 10 ti ọdún 2019 ló mú kí fóònù máa gba fífi ìka fà dípò bọ́tìnì mẹ́ta yẹn. Update tó wọ fóònù wọn ló gbé e síbẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi ìka fa ojú fóònù láti ìsàlẹ̀ lọ sókè kí wọ́n lè jáde kúrò nínú fọ́tò ná. Ó wá ku Settings, System, Gestures, System navigation. Ẹ gbìyànjú láti darí ìyá yín dé ibẹ̀ lórí ìpè, kẹ́ ẹ wá sọ ohun tójú yín rí. Lórí fóònù tiwọn, abẹ́ Display ni wọ́n fi í sí, mi ò sì mọ̀. Ọmọ ilé kejì ló bá wa rí i nígbẹ̀yìn.

Ẹ̀yin oní-iPhone, ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ní December 2017, Apple jẹ́wọ́ pé update àwọn ń mú iPhone tí bátìrì rẹ̀ ti gbó rọra ṣiṣẹ́, kó má bàa kú lójijì. Wọ́n wá já owó tí wọ́n fi ń pààrọ̀ bátìrì wálẹ̀ láti dọ́là 79 sí 29. Torí náà, tí iPhone àtijọ́ bá ń fà lẹ́yìn update, ẹ kọ́kọ́ wo Battery Health nínú Settings.

Òṣìṣẹ́ ìjọba, Àkúrẹ́

Áàpù báńkì ni tèmi. Ó ní fóònù mi ò ní ààbò, òun ò ní ṣí. Ọjọ́ owó oṣù ni o! Àṣé Developer options, apá Settings tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń ṣe áàpù, ló wà ní títàn, áàpù náà ò sì fẹ́ rí i. Mo pa á, báńkì ṣí. Ọjọ́ kejì, ẹnì kan pè mí pé báńkì ni òun ti ń pè, pé nítorí update, kí n ka nọ́ńbà tó wọlé sórí fóònù mi fóun. Mo ní kó wá gbà á lójúkojú. Ó pa fóònù. Ẹ má ka OTP fún ẹnikẹ́ni, update ò ní kí ẹnikẹ́ni béèrè rẹ̀.

Oníṣẹ́ fóònù, Ìkẹjà

Ti báńkì yẹn rán mi létí obìnrin kan tó wá láti Abẹ́òkúta. Tiẹ̀ náà, báńkì ò ṣí lẹ́yìn update. Ẹnì kan ládùúgbò wọn ní reset nìkan ló kù. Ó reset ẹ̀. Fóònù tàn, ó ní kí wọ́n kọ Gmail tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gmail wo? Ẹni tó ta fóònù fún un ló ṣí i lọ́jọ́ tó rà á, orúkọ tó wá sí onítọ̀hún lọ́kàn ló fi ṣí i, kò sì kọ páásìwọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún un. Nọ́ńbà fóònù tí ẹni tó tà á yẹn fi sí i, tiẹ̀ fúnra ẹ̀ ni.

Láti Android 5.1 ní 2015 ni ìdè yẹn ti wà, torí olè ni wọ́n sì ṣe ṣe é: ẹni tó jí fóònù, tó bá reset ẹ̀, kò ní lè lò ó. Àmọ́ kò mọ olè yàtọ̀ sí ìyá oníṣòwò. Obìnrin yìí ní rìsíìtì, ó ní páálí, fóònù ò mọ̀ wọ́n. A wá ẹni tó tà á fún un kiri, ó ti kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ó padà dáhùn ìpè ṣá, ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ṣì ń ta páálí ṣájà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Fọ́tò obìnrin náà ò padà wá.

Bí mo ṣe ń ṣe é nísinsìnyí, mi ò ní fọwọ́ kan reset láì wo Accounts nínú Settings kí n sì ní kí oníbàárà wọ Gmail yẹn lójú mi. Tí kò bá lè wọ̀ ọ́, a ò reset. Ọ̀rọ̀ inú WhatsApp náà ò ní padà wá lẹ́yìn reset, àfi tí oníbàárà bá ti tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí Google Drive.

Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Yorùbá ni mò ń kà, orí fóònù ni mo ti ń kọ iṣẹ́ mi. Lẹ́yìn update, àmì ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, ibòmíì wá di àpótí. Fọ́ńtì tí mo gbé sí i fún ẹwà ló fà á, update ti yí i padà. "É" ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà lórí ẹ̀rọ, àmọ́ "ẹ́" ò ní: "ẹ" ni, pẹ̀lú àmì tí a gbé lé e lórí. Fọ́ńtì tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń so wọ́n pọ̀ á tú wọn ká. Mo dá a padà sí fọ́ńtì tó bá fóònù wá, gbogbo ẹ̀ sì tò. Yorùbá tó kúrò lórí Gboard, kíbọ́ọ̀dù Google tí mo fi ń kọ̀wé, mo tún fi í kún un lábẹ́ Languages.

Olùkọ́ kan, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ti màámi Òṣogbo ni mo ṣe sí WhatsApp, ó ti dún. Gbígbóná ti ń lọ sílẹ̀. "Cleaner" kan wà lórí ẹ̀ lóòótọ́, mo ti lé e jáde.

Ìyá Ìbejì, Ìlọrin

Ẹ jọ̀ọ́, tèmi ńkọ́? Ìlà aláwọ̀ ewé kan ló là lójú fóònù mi láti òkè délẹ̀ lẹ́yìn update. Mo ti pa á, mo ti tàn án, ó wà níbẹ̀.

Oníṣẹ́ fóònù, Ìkẹjà

Màámi, ẹ ya fọ́tò ojú fóònù yẹn, screenshot, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí fóònù ẹlòmíì. Tí ìlà yẹn ò bá sí nínú fọ́tò náà lọ́hùn-ún, ojú fóònù fúnra rẹ̀ ló ń kú. Kò sí Settings tó lè wò ó, reset ò sì ní ṣe nǹkan kan sí i. Ẹ kó fọ́tò àti nọ́ńbà yín kúrò lórí ẹ̀ lónìí, torí ìlà kan lè di púpọ̀. Tí wáràńtì ṣì wà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó tú u, kódà èmi.