Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ará Ìpakodo
Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ń gba omi láti Ìpakodo ní Ìkòròdú lọ sí CMS. Ọkọ̀ ìjọba àti ọkọ̀ aládàáni, èwo lẹ̀ ń wọ̀? Ṣé owó tí ìjọba ń ná sórí ọkọ̀ ojú omi ń kan àwa èrò lára?

Ìyá Aláṣọ Balógun
Èyí tó bá kọ́kọ́ kún ni mò ń wọ̀.

Akọ̀wé Marina
Ìyá Aláṣọ, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọkọ̀ aládàáni kì í gbéra àfi tó bá kún. Láàárọ̀ kùtù kò burú, kí o tó di jákẹ́ẹ̀tì ààbò rẹ tán wọ́n ti tú okùn. Ṣùgbọ́n tó o bá débẹ̀ lọ́sàn-án, wàá jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí oòrùn á fi bá ọ níbẹ̀. Mi ò bá wọn wí. Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra epo kò lè gbé àga òfìfo sọdá ọ̀sà. Ohun tí mo mọ̀ pé owó ìlú wà fún ni pé kí ọkọ̀ gbéra lásìkò tí wọ́n dá, ó kún ni, kò kún ni. Ìgbà tí Sanwó-Olú tún LAGFERRY, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ìjọba Èkó, gbé jáde ní oṣù kejì ọdún 2020, ohun tó dùn mọ́ mi nìyẹn.

Ọmọ Bàríga
Ẹ̀rù omi ń bà mí o. Third Mainland ni tèmi.

Ará Ìpakodo
Ìwọ tí ọ̀sà wà lẹ́yìnkùlé rẹ!

Awakọ̀ Ọ̀sà
Ọkọ̀ aládàáni ni mò ń wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ ò lè rí láti orí àga. Tí koríko omi bá ti bo ọ̀sà, á wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Màá pa iná, màá gbé ẹ́ńjìnnì sókè kúrò nínú omi, ọmọ ọkọ̀ á dojú bolẹ̀ nídìí ọkọ̀, á máa fi ọ̀bẹ gé e. Gbòǹgbò rẹ̀ dúdú, ó rí wúruwùru bí irun tí wọn ò yà. Kó tó gé e tán, omi ti gbé wa lọ síbòmíràn, èrò ti ń pariwo pé àwọn ti pẹ́. Gẹdú tó já kúrò lára èyí tí wọ́n so pọ̀ láti wọ́ lórí omi tún wà ńbẹ̀, ìdajì rẹ̀ á rì, o ò ní rí i àfi tó bá ti gbá ọkọ̀ nídìí. Ṣé owó tíkẹ́ẹ̀tì ni kí n fi kó koríko gbogbo ọ̀sà? Bí ẹ bá ti gbọ́ pé ìjọba nawó sórí omi, ọkọ̀ tuntun ni, wọ́n á pe oníròyìn wá yà á. A ò kọ ọkọ̀ tuntun. Ẹ bá wa kó koríko, ẹ yọ gẹdú, ẹ gbẹ́ ibi tí omi ò ti jìn, ẹ fi iná atọ́nà síbẹ̀. Gbogbo wa la máa jàǹfààní ìyẹn.

Ìyá Aláṣọ Balógun
Iná yẹn! Wọn ò gbà ká rin omi lálẹ́. Kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ ti tán. Omi ni mò ń gbà lọ, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni mò ń bá bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Sùúrùlérè
Ẹ̀ ń pe ìjọba, ìjọba wo? Ní 2017, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá Èkó láre lórí ẹni tó láṣẹ lórí omi rẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ yí i padà, ó ní ìjọba àpapọ̀, nípasẹ̀ NIWA, àjọ rẹ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà omi, ló láṣẹ lórí omi. Èkó ń náwó sórí ohun tí ẹlòmíràn ń pàṣẹ lé.

Akọ̀wé Marina
Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ò kan èrò tó dúró ní èbúté.

Awakọ̀ Ọ̀sà
Ó kàn án. Ẹni tó fẹ́ yáwó ra ọkọ̀ ńlá gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó máa fún un níwèé àṣẹ.

Bàbá Mile 2
Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí Jákàńdè ń ṣe gómìnà, a ní Baba Kékeré àti Ìtafájì, ọkọ̀ ńlá méjì tó ń ná Mile 2 sí Marina. Owó ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi rà wọ́n. Ọkọ̀ ò sí mọ́, omi ò gbẹ.

Ará Bàdóre
Ẹ tún sọ ti jákẹ́ẹ̀tì. Èyí tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ kan, ó tutù, ó ń rùn, ìdè rẹ̀ kan ti já. Mo ní mi ò lè wọ̀ ọ́. Ọmọ ọkọ̀ ní kí n sọ̀ kalẹ̀.

Awakọ̀ Ọ̀sà
Ó ṣe dáadáa.

Ará Bàdóre
Kó fún mi ní òmíràn ló yẹ kó ṣe! Jákẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé dì, ta ló máa gbà là?

Ìyá Aláṣọ Balógun
Òótọ́ ni Ará Bàdóre sọ. Èmi ti ra tèmi, inú báàgì ni mò ń gbé e sí.

Ọmọ Agége
Ẹ má bínú o. Èmi ò gba omi rí, owó orí tèmi náà sì ni wọ́n ń ná. Iṣẹ́ àkànṣe ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n pè ní "Omi Èkó" yìí, mílíọ̀nù 410 yúrò ni, ilé ìfowópamọ́ ìdókòwò Yúróòpù àti àwọn ará Faransé wà nínú rẹ̀, gbèsè sì wà nínú rẹ̀. Kí ló kàn mí?

Akọ̀wé Marina
Gbogbo èrò tó bá bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, àyè ló ṣí sílẹ̀ fún ọ lórí afárá. Ọ̀nà omi 15, èbúté 25, ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná ni wọ́n ṣèlérí. Tí wọ́n bá ṣe é, kò sí epo tí a máa rà lójoojúmọ́.

Ọmọ Agége
Iná wo? NEPA?

Ìyá Aláṣọ Balógun
Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, ìjọba Èkó gé owó ọkọ̀ rẹ̀ sí ìdajì, ti BRT, ti LAGFERRY. Mo jẹ nínú rẹ̀, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ aládàáni ni ọ̀pọ̀ wa ń wọ̀, àwọn yẹn fowó kún tiwọn. Kí wọ́n fi ìrànwọ́ náà sórí káàdì Cowry tí èrò fi ń sanwó ọkọ̀, ọkọ̀ yòówù kó wọ̀.

Awakọ̀ Ọ̀sà
Mo fara mọ́ ọn, Ìyá, tí wọ́n bá máa sanwó wa lásìkò.

Ẹ̀gbọ́n Sùúrùlérè
Ta ló máa ka iye èrò tí ẹ gbé? Ẹ̀yin fúnra yín?

Awakọ̀ Ọ̀sà
Ẹ̀rọ tí èrò ń fi káàdì kàn ló máa kà á, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbé e wá sí èbúté wa, ẹ wá wò ó.