Dáìsì tí ẹni tí kò ríran lè fọwọ́ ara rẹ̀ kà

Ọmọ Ìbarà:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Àwa ọ̀rẹ́ kan máa ń pàdé ní Òkè-Ìlèwó nírọ̀lẹ́ Sátidé láti ṣe Dungeons & Dragons. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, eré ìtàn ni, ó ti wà láti 1974: ẹnì kan á máa darí ìtàn, àwa yòókù á sọ ohun tí akọni wa fẹ́ ṣe, dáìsì olójú 20 á sì sọ bóyá ó ṣeé ṣe.

Gilokómà ti gba ojú ọ̀kan nínú wa. Òun ló mọ ìtàn sọ jù, ìyẹn ò yí padà. Ohun tó ń dùn mí ni pé tó bá ju dáìsì tán, á dákẹ́, á máa retí ẹni tó máa sọ fún un. Nígbà míì gbogbo ilé á ti hó yèè kó tó mọ̀ bóyá ire ni àbí ibi. Mo fẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ kà á kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó ń kọ́ bírélì lọ́wọ́, ìyẹn ìkọ̀wé alámì tó yọ sókè tí wọ́n ń fọwọ́ kà. Mo mọ̀ pé DOTS RPG Project ń ṣe dáìsì bírélì, ṣùgbọ́n kí la lè ṣe níbí, lọ́sẹ̀ yìí?

Ẹ̀gbọ́n Láfẹ́nwá:
Àbúrò, o ṣeun tó o béèrè. Èmi náà ò ríran, láti kékeré ni. Má dúró de dáìsì. Gé páálí sí 20, kí wọ́n tóbi bákan náà bíi káàdì Whot. Fi síléètì bírélì, ìyẹn férémù tí wọ́n fi ń gún àmì bírélì, gún 1 dé 20 sí wọn lára, kó wọn sínú àpò. Àpò àdìrẹ Ìtòkú dáa. Kó pò ó, kó mú ọ̀kan, kó kà á, kó dá a padà. Tí kò bá dá a padà, kì í ṣe ọ̀kan nínú 20 mọ́ nígbà tó bá tún máa mú.

Ibi tó ti máa ń dàrú rèé. Tí wọ́n bá dorí 4 kodò nínú bírélì, 8 ló máa di. 6 á di 0. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ló máa ń ṣìnà níbẹ̀. Torí náà, gé igun òkè lọ́wọ́ ọ̀tún gbogbo káàdì dànù. Tí àtàǹpàkò rẹ̀ bá ti kan igun yẹn, ó ti mọ ibi tí orí wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ríran ò ní lè kà á, òun ló máa sọ fún yín. Inú mi dùn sí ìyẹn gidi gan-an. Tó bá wù ú kó fi pamọ́ díẹ̀, ẹ fara dà á.

Ní ti dáìsì olójú 6 tí eré náà tún ń lò, dáìsì lúdò tí ojú rẹ̀ jìn wọnú ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn kùn lọ́dà. Inú àwo oníbèbè ni kẹ́ ẹ máa jù ú sí.

Ìyá Ìbejì:
Ẹni tó ń darí ìtàn náà níṣẹ́ o. Kó yé sọ “níbí” àti “lọ́hùn-ún”. Kó ní: “Ilẹ̀kùn wà lọ́wọ́ òsì rẹ, ó tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, olè méjì dúró sáàárín.” Ẹ tẹ ìwé akọni rẹ̀ sórí fóònù kí TalkBack, ètò tó ń ka ohun tó wà lójú fóònù sókè, lè máa kà á fún un, ẹ má kàn ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Láti 2023 ni òfin ìpìlẹ̀ eré náà ti wà lábẹ́ Creative Commons, ìyẹn àṣẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè lò ó, ẹ lè dà á kọ sí bírélì, kẹ́ ẹ ṣá ti dárúkọ ẹni tó ni ín.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀gbá:
Ṣé ìsàlẹ̀ lẹ ti ń ṣe é àbí orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì? Kẹ̀kẹ́ arọ ni mo ń lò, ó sì wù mí kí n wá.

Ọmọ Ìbarà:
Ìsàlẹ̀ ni, àtẹ̀gùn kan péré ló wà lẹ́nu ọ̀nà, a ó tẹ́ pákó sí i. Ẹ máa bọ̀ jàre. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé páálí Indomie le tó?

Ẹ̀gbọ́n Láfẹ́nwá:
Rárá o, inú rẹ̀ ṣófo, ojú bírélì á tètè rì. Fáìlì páálí tí wọ́n ń lò lọ́fíìsì ni kó o rà.